Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí The Sims bá kọ̀ tí kò ṣí

Oṣù yìí, lẹ́tà tó wọlé lórí géèmù The Sims pọ̀ débi pé mo gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, géèmù kan ni tí èèyàn ti ń kọ́lé fáwọn èèyàn inú kọ̀ǹpútà, tí á máa darí ayé wọn, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, wọ́n á ríṣẹ́, wọ́n á fẹ́ra, wọ́n á bímọ, wọ́n á darúgbó, wọ́n á kú, ọmọ wọn á tún gba ipò wọn. Ọdún 2000 ni Will Wright àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Maxis gbé àkọ́kọ́ jáde, ìkejì dé ní 2004, ìkẹta ní 2009, ìkẹrin ní 2014. Ẹ mú ọdún wọ̀nyẹn dání bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ, torí ọdún tí wọ́n ṣe tiyín ló máa sọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà òní.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Láti ilé ìwé girama ni mo ti ń gbá The Sims 2, síídì ni mo fi gbé e sórí láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ tó ń lo Windows 7. Láptọ́ọ̀pù yẹn ti kú báyìí, kò tàn mọ́, mo wá ra òmíràn tó ń lo Windows 11. Mo ki síídì bọ̀ ọ́, ó gba gbogbo ẹ̀ wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó ṣí báyìí, kò sọ̀rọ̀, kò fọhùn, àfi bíi pé mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìdílé kan tí mo ti tọ́ dé ìran kẹfà wà nínú èyí tó kú yẹn. Àwọn kan ní kí n lọ wá fáìlì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa jẹ́ kó ṣí láìwo síídì. Ṣé kí n ṣe é? Àbí wọ́n ti lọ nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Wọn ò tíì lọ, jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìyẹn tù ẹ́ nínú. Kí láptọ́ọ̀pù má tàn mọ́ yàtọ̀ gan-an sí kí ohun tó wà nínú ẹ̀ bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà bọ́ọ̀dù ló kú, tàbí síkírìnì, háàdì díìsìkì tó gbé fáìlì dání wà níbẹ̀ kò ní nǹkan kan tó ṣe é. Gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, kó yọ díìsìkì yẹn síta, kó fi wáyà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun ẹ, o ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó fọ́ọ̀mátì nǹkan kan, tí Windows bá bi yín pé ṣé kó fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ẹ sọ pé rárá.

Tó bá ti ṣí, wọ Users, wọ inú orúkọ tó o fi ń lo láptọ́ọ̀pù yẹn, wọ Documents, EA Games, The Sims 2, wàá rí fódà kan tó ń jẹ́ Neighborhoods. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé. N001 ni Pleasantview, N002 ni Strangetown, N003 ni Veronaville, èyí tí ìwọ fúnra ẹ dá sílẹ̀ á ní nọ́ńbà tó tẹ̀ lé wọn. Odidi Neighborhoods ni kó o kọ́pì o! Tó o bá ṣí N001, wàá bá fódà Characters nínú ẹ̀, fáìlì kan fún ẹnì kan, á wá ṣe ẹ́ bíi kó o wá ẹni tó o fẹ́ràn jù kó o sì mú òun nìkan lọ. Má dán an wò láé. Géèmù yẹn so wọ́n pọ̀ mọ́ra gan-an, ìyá mọ ọmọ, ọ̀tá mọ ọ̀tá, àwọn tó ti kú pàápàá ṣì ní fáìlì tiwọn níbẹ̀, torí orúkọ wọn ṣì wà nínú ìran àwọn ọmọ wọn, bó o bá fa ẹyọ kan yọ láàárín wọn, àdúgbò náà á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kó o mọ̀, ó lè pẹ́ kó tó hàn sí ẹ, ìgbà yẹn kò sí àtúnṣe mọ́. Tó o bá tún ń lo aṣọ àti irun tí àwọn èèyàn ṣe fúnra wọn, kó fódà Downloads náà dání. Kọ́pì méjì ni kó o ṣe, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fíláṣì tí o ò ní fi ṣe nǹkan míì.

Ó wá kan ìdí tí síídì ò fi ṣí. Wọ́n ti àgádágodo kan mọ́ ọn tó ń jẹ́ SafeDisc, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti wò bóyá síídì gidi lo fi sí i tàbí ayédèrú. Fáìlì kan nínú Windows tí wọ́n ń pè ní secdrv.sys ló ń bá a ṣe é, ìsàlẹ̀ pátápátá ni fáìlì yẹn sì ń gbé, níbi tí ẹni tó bá débẹ̀ ti lè pàṣẹ fún gbogbo kọ̀ǹpútà. Microsoft rí i pé ewu ni, wọn ò fi sínú Windows 10 nígbà tó jáde ní 2015, oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni wọ́n sì fi apdéètì pa á lórí Vista, 7 àti 8. Àwọn àfikún tó dé lẹ́yìn, láti orí Bon Voyage ní 2007, SecuROM ni tiwọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì bá wọn lórí Windows 10. Géèmù ẹ ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nílé mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń dákẹ́.

Fáìlì tí wọ́n ní kó o lọ wá yẹn, má wá a. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà ẹ́, irú ibi tí wọ́n ti ń pín in gan-an ni wọ́n ti máa ń fi fáírọ́ọ̀sì pamọ́ sínú ẹ̀, ìwọ náà lo sì máa fọwọ́ ara ẹ gbà fún un pé kó wọlé, ẹ̀rọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tó o tún máa kó ìran mẹ́fà sí. Ọ̀nà tó dáa wà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí The Sims pé ọdún 25, EA, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù yìí, tún àkọ́kọ́ àti ìkejì gbé jáde, wọ́n pè wọ́n ní Legacy Collection, wọ́n wà lórí Steam àti EA app, ìyẹn àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí síídì, kò sí àgádágodo àtijọ́ yẹn, Windows 10 àti 11 ni wọ́n sì ṣe é fún. Gbogbo àfikún The Sims 2 ló wà nínú ẹ̀ àfi ti IKEA. Mo mọ̀ pé ó dunni kéèyàn tún sanwó fún ohun tó ti ní, ṣùgbọ́n tó o bá bi mí, òun ni màá sọ pé kó o mú. Gbé e wọlé, ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè dá fódà tiẹ̀ sílẹ̀ nínú Documents, pa á, yí orúkọ Neighborhoods tó dá sílẹ̀ padà dípò kó o pa á rẹ́, kó o wá gbé tìẹ síbẹ̀.

Má jẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu bí ògiri àti aṣọ bá ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ pínǹkì tó o bá ti gbá a fún ìgbà díẹ̀, tàbí tí nǹkan dúdú onígun mẹ́rin bá ń tẹ̀ lé àwọn èèyàn ẹ kiri nílẹ̀. Pínǹkì yẹn, mẹ́mọ́rì àwòrán ló ń tán. Géèmù 2004 ni, 32-bit ni, ìyẹn irú ètò àtijọ́ tí mẹ́mọ́rì tó lè lò kéré, ó ní ìwé kan nínú tó kọ orúkọ káàdì àwòrán ayé ìgbà yẹn sí, tó bá pàdé káàdì òní tí kò mọ orúkọ ẹ̀, ó lè gbà pé mẹ́mọ́rì 32MB péré ló ní, nígbà tó jẹ́ gígábáìtì lóríṣiríṣi ló gbé dání. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Graphics Rules Maker, àwọn tó ń gbá géèmù yìí ló ṣe é, òun ló máa kọ orúkọ káàdì ẹ àti mẹ́mọ́rì ẹ̀ gangan sínú ìwé yẹn. Ti dúdú onígun mẹ́rin, òjìji ni, wọ ibi tí wọ́n ti ń tún àwòrán ṣe kó o pa òjìji.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi obìnrin ń da mí láàmú pé òun fẹ́ The Sims 4, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Chromebook tí ilé ìwé fún un ló ń lò. Ó ní òun ti gbìyànjú ẹ̀, kò gbà. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni, láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni The Sims 4 fúnra ẹ̀ ti di ọ̀fẹ́, àwọn àfikún ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n Windows àti Mac ni wọ́n ṣe é fún, àti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọn ò ṣe ti Chromebook. Chromebook ilé ìwé tún le jù, ilé ìwé ló ń pinnu ohun tó lè wọ inú ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a já ìdènà yẹn torí tí wọ́n bá mọ̀, ọmọ ló máa dáhùn fún un. Ẹ jẹ́ kó gbá The Sims FreePlay lórí fóònù yín fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan náà o, nínú tiẹ̀ wọ́n máa ń fẹ́ kéèyàn dúró fún wákàtí gidi kí èèyàn inú ẹ̀ tó parí iṣẹ́, wọ́n á tún ní kó fi owó gidi kánjú ẹ̀, torí náà ẹ ti ìnáwó pa lórí fóònù yẹn kẹ́ ẹ tó gbé e fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, kọ̀ǹpútà wa nílé ò lè gba Windows 11, Windows 10 náà wá ti parí, ni mo bá gbé Linux sí i. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, ó tiẹ̀ ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin, The Sims 4 ẹ̀ ló ń béèrè, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Mo ṣì ní fáìlì rẹ̀ àtijọ́ lórí díìsìkì kejì. Ṣé ọ̀nà wà?

ÌDÁHÙN: Ọ̀nà wà, ó sì dáa ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá apdéètì ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró, àìmọye èèyàn ló sì wà níbi tó o wà yẹn.

Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dípò Windows, ò gbọ́ èdè Windows, ó kàn nílò ògbufọ̀ ni. Ògbufọ̀ yẹn ni Wine, iṣẹ́ lórí ẹ̀ ti wà láti 1993. Kì í ṣe Windows kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú Linux, ohun tí géèmù bá sọ fún Windows ló ń gbọ́, tó ń sọ ọ́ fún Linux lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ń fà tìkọ̀tìkọ̀. Valve tó ni Steam mú Wine yìí, wọ́n fi DXVK kún un tó ń tú Direct3D, èdè àwòrán ti Windows, sí Vulkan tí Linux gbọ́, wọ́n pe gbogbo ẹ̀ ní Proton, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Òun náà ló ń bẹ nínú Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé tí Valve ń tà.

Nítorí náà, gba The Sims 4 láti orí Steam, má gba ibòmíì. Wọ Settings nínú Steam, wá Compatibility, jẹ́ kí Proton ṣiṣẹ́ fún gbogbo géèmù, kó o wá dáńlóòdù ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá máa ṣí, á pẹ́, torí EA app náà gbọ́dọ̀ wọlé sínú ẹ̀, síkírìnì lè ṣófo fún ìgbà díẹ̀, ẹ má kánjú pa á. Ọ̀rọ̀ EA app yìí gan-an ló máa ń fa wàhálà ju géèmù lọ, wọ́n á yí i padà lọ́hùn-ún, ohun tó ṣí lánàá ò ní ṣí lónìí, tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, fi bọ́tìnì ọ̀tún ara máúsì tẹ orúkọ géèmù náà, Properties, Compatibility, kó o yan Proton míì, Experimental ni màá kọ́kọ́ dán wò.

Ti díìsìkì kejì yẹn, fetí sílẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé láti ayé Windows ló ti wà, NTFS ni wọ́n fi to fáìlì inú ẹ̀. Má gbé géèmù fúnra ẹ̀ síbẹ̀, Proton kì í sábà bá NTFS rẹ́, ó lè ṣí lónìí kó kọ̀ lọ́la. Kọ́pì fáìlì àbúrò ẹ kúrò níbẹ̀ wá sórí díìsìkì Linux. Ohun tó ò ń wá ni fódà The Sims 4 tó wà nínú Documents, Electronic Arts. saves ni ayé wọn wà, Tray ni ilé àti ìdílé tó tọ́jú wà, Mods ni ohun tó fi kún un.

Ibo lo máa wá kó o sí? Ibẹ̀ ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, wọ́n á wá Documents ti Linux, wọ́n á gbé e síbẹ̀, géèmù ò ní rí i. Proton kọ́ ilé kékeré kan fún géèmù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà géèmù yẹn lórí Steam ló sì fi ń pè é, ti The Sims 4 ni 1222670. Wọ inú fódà Steam, steamapps, compatdata, 1222670, pfx, drive_c, users, steamuser, Documents, Electronic Arts, The Sims 4. Ó gùn, mo mọ̀. Géèmù ti gbọ́dọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan kí ibẹ̀ tó wà. Gbé saves, Tray àti Mods síbẹ̀, kó o pa fáìlì localthumbcache.package rẹ́ tó o bá bá a níbẹ̀, ìyẹn ò ní mú nǹkan kan lọ, fúnra géèmù ló máa tún un ṣe. Wo lẹ́tà ńlá àti kékeré náà dáadáa, Linux gbà pé Mods yàtọ̀ sí mods, tí méjèèjì bá wà níbẹ̀ ọ̀rọ̀ á dàrú. Kí àbúrò ẹ kọ́kọ́ gbá a láìsí Mods ná, tó bá ti rí àwọn èèyàn ẹ̀ tí ara wọn le, kó wá tan Mods padà. Kó sì bá ẹ sọ̀rọ̀ jàre, o ti gbìyànjú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè. The Sims 3 ni ìyàwó mi ní, síídì tó ní Mac àti Windows pọ̀. Mo ra MacBook tó ní chip M fún un, mo sì rò pé mo ṣe ohun tó dáa. Nígbà tó gbé fáìlì géèmù náà wá láti ara Mac àtijọ́ ẹ̀, àmì róbótó kan tí wọ́n fa igi gba àárín ẹ̀ kọjá ló ń hàn lórí ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lo Boot Camp fi gbé Windows sí i.

ÌDÁHÙN: Ohun tó dáa lẹ ṣe, ọ̀gá mi. Àmì yẹn túmọ̀ sí pé 32-bit ni géèmù náà. Láti Catalina, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Mac ò gba 32-bit mọ́ rárá, kò sí bọ́tìnì tí èèyàn fẹ́ tẹ̀ tó máa dá a padà. Èyí tó wà nínú síídì yẹn kì í tiẹ̀ ṣe géèmù Mac tòótọ́, ti Windows ni tí wọ́n wọ ẹ̀wù kan tó ń jẹ́ Cider fún. Boot Camp náà ò sí lórí chip M, láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí wọ́n ti jáde ni kò ti sí níbẹ̀.

Ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni EA gbé The Sims 3 tí wọ́n tún ṣe ní 64-bit fún Mac jáde, Mac oní-chip Intel ni wọ́n ṣe é fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n Rosetta 2, ògbufọ̀ Apple tí Mac yín máa ní kẹ́ ẹ gbé wọlé tí kò bá tíì sí níbẹ̀, máa gbé e. Ẹ wo páálí síídì yẹn, kóòdù kan wà níbẹ̀, kí ìyàwó yín kọ ọ́ sínú àkáǹtì EA wọn, tó bá gbà á, láti ibẹ̀ ni kí wọ́n ti dáńlóòdù tuntun yẹn. Tí ìyẹn bá sì kọ̀, CrossOver ló kù, Wine tí wọ́n tún ṣe fún Mac ni, wọ́n ń tà á, ẹ lè dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́pì Saves tó wà nínú Documents, Electronic Arts, The Sims 3. Ohun tí wọ́n máa rí níbẹ̀ tó parí sí .sims3 kì í ṣe fáìlì kan, odidi fódà ni, kí wọ́n gbé e bó ṣe rí pẹ̀lú ìkejì ẹ̀ tó ní .backup lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan tó fara pẹ́ ẹ, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì ń kà á: ẹ má ta Mac kẹ́ ẹ lọ ra Windows tuntun nítorí The Sims 3 nìkan, kẹ́ ẹ rò pé wàhálà ti parí. Chip Intel ìran kejìlá tó jáde ní ìparí 2021 ní oríṣi kóòrù (ọpọlọ inú chip) méjì nínú, ńlá àti kékeré, The Sims 3 ò mọ bó ṣe fẹ́ kà wọ́n, kì í ṣí rárá àfi tí èèyàn bá gbé àtúnṣe tí àwọn tó ń gbá a ṣe sórí ẹ̀. Àtúnṣe náà wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ẹ kàn mọ̀ pé ẹ máa nílò ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè gbé Windows XP sínú VirtualBox kí n fi gbá The Sims àkọ́kọ́?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn ẹ̀ àyàfi tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ràn XP. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà kì í rí káàdì àwòrán lò bó ṣe yẹ, á máa fà, máúsì á máa sá kúrò lọ́wọ́ ẹ. Legacy Collection tí mo sọ lókè yẹn rọrùn jù. Tó o bá ṣáà fẹ́ ṣe é, pa íńtánẹ́ẹ̀tì lórí XP yẹn, ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n ti pa á tì. Kó o sì mọ̀ pé The Sims àkọ́kọ́ ò fi nǹkan kan sínú Documents, UserData ló ń kó ayé wọn sí, inú fódà tí wọ́n gbé géèmù fúnra ẹ̀ sí gan-an, nínú Program Files, Maxis, The Sims. Kọ́pì UserData síta kó o tó yọ géèmù àtijọ́ kúrò, torí ẹni tó bá pa fódà yẹn rẹ́ ti pa àwọn ìdílé ẹ̀ rẹ́ mọ́ ọn nìyẹn.